Wọ́n ní ẹyin mi kì í jáde, àmọ́ ohun tí mò ń rí lára mi yàtọ̀

Aránṣọ_ÒkèÀje · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Òkè-Àje níbí ni mo ti ń ránṣọ, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti wọlé ọkọ, a ṣì ń wojú Olúwa. Tírélà ni ọkọ mi ń wà. Ọ̀sán Sátidé ló máa ń wọlé, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó jẹun tán, ó tún ti lọ nìyẹn.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan (mi ò ní dárúkọ wọn). Wọ́n ní kí n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 21 tí nǹkan oṣù mi bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é. Dókítà wo ìwé náà, kò jókòó dáadáa pàápàá, ó ní, "Madam, ẹyin yín kì í jáde." Ó kọ oògùn fún mi. Mo ra oògùn náà, ó wà nínú báàgì mi, mi ò tíì lò ó.

Ohun tó ń rú mi lójú rèé: kò sí oṣù tí omi kan kì í yọ lábẹ́ mi, tó ń yọ̀, tó mọ́ bí omi òjò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ikùn mi á máa gún mi, bíi pé ẹnìkan ń fi abẹ́rẹ́ rán nǹkan níbẹ̀. Oṣù mìíràn ọ̀tún, oṣù mìíràn òsì. Ìyá ọkọ mi ní ìdọ̀tí ilé ọmọ ni, kí n mu àgbo fọ̀ ọ́ dànù. Ṣé àrùn ni? Ọjọ́ 14 tí gbogbo ayé ń sọ ni mo ń kà lórí fóònù mi, mi ò sì rí omi yìí ní ọjọ́ 14 rí.

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 11:05 alẹ́

Ìyàwó, má mu àgbo kankan o. Dá mi lóhùn ná. Tí o bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú omi náà, tí o wá ya ìka méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ṣé ó ń já ni àbí ó ń fà?

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · 11:09 alẹ́

Ó ń fà, mà. Ó ń fà bí ilá.

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 11:31 alẹ́

Ehn ẹhn! Ẹyin ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Lọ́dún tí mò ń wá ọmọ, àwọn Àgùdà kan ló kọ́ wa ní nǹkan yìí. Tọkọtaya dókítà kan ní Ọsirélíà, John àti Evelyn Billings, ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀. Àmọ́ èmi ò fi òyìnbó gbọ́ ọ, ọbẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ.

Tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, abẹ́ á gbẹ. O nù ún, kò sí nǹkan kan lára pépà. Lẹ́yìn náà, nǹkan á máa lẹ̀, bíi lẹ́ẹ̀ ìwé, tó bá gbẹ tán á máa ṣí bí ìpẹ́. Ó tún di funfun, á rí bí ògì tí a pò, tàbí ìpara tó o fi pa ọwọ́. Ìgbà tó yá ni yóò di omi, tí o máa rò pé nǹkan oṣù ló dé, o sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ilá ti bẹ̀rẹ̀. Ilá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sórí iná ni mò ń wí o, kì í ṣe ilá àná. Ó mọ́, ó ń yọ̀, ó ń fà, á dà bí funfun ẹyin adìyẹ tútù. Lójijì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, á gbẹ tàbí kó tún padà lẹ̀. Ọjọ́ tí ilá fà kẹ́yìn, òun gan-an ni ọjọ́ ńlá. Ẹyin máa ń jáde lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tí ọkọ bá sùn tì ọ́ lálẹ́ àná, má gba ohun tí o bá rí láàárọ̀ gbọ́. Ti ọkọ nìyẹn, kì í ṣe tìẹ. Ó ṣì mí lọ́nà fún odidi oṣù méjì.

---

Elewé_Ọmọ · 11:48 alẹ́

Àgbo ìfọlé-ọmọ wà nílẹ̀, ọjọ́ 7 péré ẹ ó gbóyún. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Elewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbo yín kúrò níbí. Omi tí ẹ fẹ́ fọ̀ dànù yẹn ni àtọ̀ ọkùnrin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Láìsí i, wákàtí mélòó kan ni àtọ̀ fi ń kú. Tó bá wà, ó lè lo ọjọ́ 5 nínú ara obìnrin. Ọṣẹ, álọ́ọ̀mù, omi kíkan, kò sí ọ̀kan tó yẹ kó wọ inú ibẹ̀.

Aránṣọ, àbúrò mi, iye ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ fi ń yípo? Láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ títí di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e. Fún mi ní ti oṣù 6, má fojú bù ú.

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · 7:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mo ti lọ wo kàlẹ́ńdà tí mò ń fàmì sí. 33, 31, 35, 34, 32, 36.

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 1:15 ọ̀sán

Ibi tí wọ́n ti ṣì ọ́ lọ́nà nìyẹn. Ẹ jẹ́ n la ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí mo ń rí i ní wọ́ọ̀dù lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀yìn la ti ń ka ọjọ́ tí ẹyin jáde, kì í ṣe iwájú. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti jáde títí dìgbà tí nǹkan oṣù tuntun bá dé, nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 ni lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Apá àkọ́kọ́ ló ń gùn tó sì ń kúrú: ìrìn àjò, àìsàn, ìrònú, gbogbo rẹ̀ lè sún un síwájú. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ẹyin rẹ̀ á jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Àwọn èèyàn wá sọ 14 yẹn di òfin fún gbogbo ayé. Ìwọ tí tìẹ jẹ́ 31 sí 36, yọ 14 kúrò: ọjọ́ 17 sí 22 ni kí o máa ṣọ́. Abájọ tí o kò fi rí ilá ní ọjọ́ 14.

Ó di ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní progesterone ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde ló máa ń gòkè, nǹkan bí ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ga jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ 21 fún oní 28, torí 28 yọ 7 ni. Tìrẹ yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 27 tàbí 28. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́jọ́ tí ẹyin ṣì lè máa múra àtijáde, wọ́n wá ní kò jáde. Ó dà bí ẹni tó dé ibi ìgbéyàwó láago méje àárọ̀, tó bá àga ṣófo, tó ní ìyàwó kọ ọkọ.

Mi ò ní ẹyin rẹ ń jáde o, mi ò rí inú rẹ. Ohun tí mò ń wí ni pé àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ ọ́. Má lo oògùn yẹn títí wàá fi tún un ṣe lọ́jọ́ tó yẹ, kí o sì mú iye ọjọ́ oṣù 6 yìí dání lọ bá dókítà.

---

Olóbì_Rẹ́mọ · 2:40 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin obìnrin. Ọkùnrin ni mí, obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Ìbéèrè kan ni: tí a bá ti mọ ọjọ́ náà, ṣé kí ọkọ máa fi agbára rẹ̀ pamọ́ títí dìgbà náà ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 2:58 ọ̀sán

Rárá, sà. Ẹyin kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹni tó ń dúró de ọjọ́ náà gan-an lè débẹ̀ kí ẹyin ti kú. Ọjọ́ 5 tó ṣáájú àti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ni oyún fi lè dúró. Ọjọ́ méjì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú wọn ló dára jù. Kí ẹ máa sùn pọ̀ lójoojúmọ́, tàbí kí ẹ máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín, láti ìgbà tí ilá bá ti bẹ̀rẹ̀. Kí àtọ̀ ti wà nílé de ẹyin.

---

Olóbì_Rẹ́mọ · 3:30 ọ̀sán

Ẹ ṣé. Kí n sọ ọ̀kan kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún kọ. Ọdún mẹ́ta ni ìyàwó mi fi ń gbé ara rẹ̀ kiri ilé ìwòsàn, tí ń ka ọjọ́, tí ń lo oògùn. Èmi ń wò ó. Ìgbà tí mo gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ ni a rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni ìṣòro wà. Arábìnrin aránṣọ, ṣé ọkọ yín ti ṣe tiẹ̀?

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · 4:11 ọ̀sán

Rárá, sà. Kò tíì ṣe é.

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 4:20 ọ̀sán

Kó ṣe é. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀. Kó má bá ìyàwó sùn, kí àtọ̀ má sì jáde lára rẹ̀, fún ọjọ́ 2 sí 7 kó tó lọ.

---

Ọmọ_Ìpẹru · 8:47 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò gbára lé ilá nìkan. Tẹ̀mómítà tí ń wọn ìgbóná ara ni mò ń lò, ó di oṣù keje báyìí. Èyí tó ń fi nọ́ńbà méjì hàn lẹ́yìn àmì ni kí ẹ rà. Mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Aago 5:30, kí n tó dìde, kí n tó sọ̀rọ̀, kí n tó mu omi, ó ti wà lábẹ́ ahọ́n mi. Kí ẹyin tó jáde, 36.3, 36.4 ni tèmi. Lẹ́yìn tó bá jáde, ó máa ń gbé sókè, 36.7 sí 36.8, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí nǹkan oṣù á fi dé. Tí mo bá rí àárọ̀ mẹ́ta tó ga tẹ̀léra, mo mọ̀ pé ó ti jáde. Ibà máa ń bà á jẹ́ o, àìsùn náà ń bà á jẹ́.

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 9:03 alẹ́

Ọmọ mi, tẹ̀mómítà rẹ, ìgbà tí ọlọ́jà ti dìde tán ló ń kígbe pé ọjà ti ná. Ilá ló ń sọ kó tó ṣẹlẹ̀. Ta ló tún ráyè nọ́ńbà láago márùn-ún ààbọ̀ tí ọmọ ń sunkún?

---

Ọmọ_Ìpẹru · 9:10 alẹ́

Mọ̀mí, òótọ́ ni, ẹ̀yìn ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ilá lè fà kí ẹyin má jáde lóṣù náà. Tẹ̀mómítà ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹ jẹ́ kó lo méjèèjì. Bí owó bá wà, kó ra pépà onílà méjì tí a ń kì bọ ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá ẹyin ti fẹ́ jáde, ó wà ní kẹ́místì. Tí ilà ìdánwò bá ti pọ́n tó ti àkọ́kọ́ tàbí jù ú lọ, nǹkan bí wákàtí 24 sí 36 ló kù.

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 9:26 alẹ́

Ọmọ Ìpẹru gba máàkì. Ṣùgbọ́n àwọn tí kókó wẹ́wẹ́ pọ̀ lórí àpò ẹyin wọn, pépà yẹn lè máa pọ́n fún wọn lójoojúmọ́ láìsí ẹyin kankan. Kí ó má tàn yín jẹ.

Ọmú tó ń dun obìnrin náà, lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe àmì ọjọ́ náà. Ìgúnni ẹ̀gbẹ́ ikùn yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ní in rárá, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n yàgàn. Tí omi bá ń rùn, tó rí bíi wàrà tó dì, tó ní àwọ̀ ewé, tí abẹ́ ń yún ọ tàbí tí ibà dé tí ikùn ń dun ọ́ gidi, ìyẹn kì í ṣe ẹyin o. Ilé ìwòsàn ni.

---

Òde_Rẹ́mọ · 10:15 alẹ́

Èmi ò wá ọmọ ní tèmi, mo ń sá fún un ni. Ọjọ́ 14 yẹn náà ni mo kà, tí mo ní "láti ọjọ́ 17, ewu ti kọjá". Ewu yẹn ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó ń lọ sílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. 😂

---

Ìyá_Kékeré · 10:22 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń fún ọmọ oṣù 5 lọ́mú, nǹkan oṣù mi ò tíì padà. Mo ti rí ilá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé kò séwu?

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 10:34 alẹ́

Tó bá jẹ́ pé ọmú nìkan lò ń fún un, tọ̀sán tòru, tí kò tíì pé oṣù 6, tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì yọ, oyún ò wọ́pọ̀. Tí ọmọ bá ti ń mu ògì mọ́ ọmú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Rántí pé ẹyin ló ń ṣáájú, nǹkan oṣù ló ń tẹ̀ lé e. Obìnrin lè gbóyún láìrí nǹkan oṣù kan pàápàá lẹ́yìn ìbímọ. Ilá tí o rí yẹn, mú un ní òótọ́, kí o wá gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ìbéèrè àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé wá: ṣé lóòótọ́ ni pé tí ẹyin bá ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jáde, ọmọ ọkùnrin ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Agbẹ̀bí · 7:05 àárọ̀

Irọ́ gbáà. Àtọ̀ bàbá ló ń pinnu akọ tàbí abo.

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 7:19 àárọ̀

Lóṣù tí mo lóyún tèmi, ilá náà kò yàtọ̀ rárá. Ẹyin méjì ló jáde pọ̀, mi ò mọ̀. Bí ìbejì tí kò jọra ṣe ń wá nìyẹn, àwa Yorùbá sì wà lára àwọn tó ń bí irú rẹ̀ jù láyé.

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:17 ọ̀sán (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Ẹ GBÀ MÍ. Ọjọ́ 20 mi nìyí. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni mo tì pa tí mo fi lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fà láti ìka kan dé ìkejì, kò já. Ilà pépà ti pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà Ìbíní pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì, Sátidé ló ń bọ̀!

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 2:19 ọ̀sán

Kí lò ń ṣe níbí? PÈ É!

---

Olóbì_Rẹ́mọ · 2:25 ọ̀sán

Sìmẹ́ńtì kì í bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kó yà wọlé.

---

Aránṣọ_ÒkèÀje · Sátidé, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ohun tó wà nínú ìwé mi rèé, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà.

Ọjọ́ 17, Sátidé, ọkọ wà nílé: gbẹ. Ọjọ́ 18: ògì. Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọjọ́ 19: omi. Ọjọ́ 20: ilá, 36.38. Ọjọ́ 21: ilá, ẹ̀gbẹ́ òsì gún mi láti ìdájí títí mo fi gé bùbá kan tán. Ọjọ́ 22: ó ń lẹ̀, kò fà mọ́. Ọjọ́ 23, 36.66. Ọjọ́ 24, 36.71. Ọjọ́ 25, 36.70.

Ẹ wò ó, ọdún méjì rèé tí a ti ń ṣe Sátidé sí Sọ́ńdè. Nínú oṣù bíi tèyí, ó ń dé nígbà tí ibẹ̀ gbẹ, ó ń lọ kí ilá tó bẹ̀rẹ̀. Ó padà dé ní Sátidé kejì, ọjọ́ 24, ẹyin ti kú. Kò sí ẹni tó bi wá pé ọjọ́ wo ni ọkọ ń wà nílé.

Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn o. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló dé, tòun ti tírélà, tẹrùtẹrù. Ó dí gbogbo ojú ọ̀nà wa. Bàbá onílé jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní ṣé kò sí o, ṣé ẹnìkan kú ni. Ọkọ mi ní rárá, bàbá, ebi ikọ́kọrẹ́ ló ń pa òun. Ọjọ́bọ̀ ló tó kúrò níbẹ̀.

Mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ní ọjọ́ 28, ní Ọjọ́rú, ní Ṣàgámù, kì í ṣe ibi tàkọ́kọ́. Dókítà obìnrin ni. Ó gba ìwé ìwọ̀n aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó kà á látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Èsì jáde lánàá: ó ga dáadáa. Ẹyin jáde. Ó ní kí n má lo oògùn yẹn. Ó kọ ìwé àyẹ̀wò fún ọkọ mi náà, ó ti gbà láti ṣe é lóṣù tó ń bọ̀ tí èyí ò bá dúró.

Ọjọ́ 31 lónìí. Àárọ̀ yìí, 36.74. Ọkọ mi ti wọlé, ó ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkankan títí di ọjọ́ 37.

---

ÌyáÌbejì_Ṣàgámù · 4:41 ìrọ̀lẹ́

A ò bi ọ́. Àmọ́ mo ti kọ 37 sára ògiri ilé ìdáná mi.